Gíláàsì Tó Kọlà

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà yó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àlá ọ̀sán náà, àlá ni.

Bàbá ìyàwó mi ló yá mi ní mọ́tò rẹ̀ tuntun, ó ní òun máa wá gbà á lágogo méjì. Ẹyẹ kan wá yàgbẹ́ sí gíláàsì iwájú. Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìdí ìkòkò gbo ó. Ìgbẹ́ kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo họ gíláàsì náà, ilà mẹ́ta gbọọrọ. Àyà mi já. Ọdún kẹfà rèé tí mo fẹ́ ọmọ bàbá yìí, "ìwọ yẹn" ló ṣì ń pè mí. Ìyẹn kì í ṣe àlá.

Mo bu ọṣẹ ìfọyín, mo fẹ́ fi ra ojú ibẹ̀ kí ilà náà lè parẹ́. Gíláàsì bú sẹ́kún.

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Kò dùn mí. Ilà tí o fọwọ́ ara rẹ kọ fún mi lo tún fẹ́ pa rẹ́?"

"Tó o bá ń sunkún báyìí, báwo ni màá ṣe rí títì?"

Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Òótọ́ ni. Mo ṣíná mọ́tò, a gbéra lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ilà rẹ́.

Ọ́fíìsì wọn léfòó lórí ìfófòó ọṣẹ. Mo wa mọ́tò gun orí ìfófòó náà, mo wá ibi páàkì sí. Ọ̀gá kan tó de táì yọjú.

"Ilà wo ni? Pélé ni àbí àbàjà?"

"Kànìnkànìn ni, sà."

"Kànìnkànìn ò sí nínú ìwé wa."

Bó ṣe ń kọ̀wé lọ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ó di òbúkọ, ó sì jẹ fọ́ọ̀mù mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ ibi tẹ́ ẹ máa bu ọwọ́ lù."

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ló wí. "Agogo méjì ti lù."

Ni bàbá ìyàwó mi bá jáde látinú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìfófòó.

"Bàbá, èmi ni mo họ ọ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá wo gíláàsì títí. Àbàjà mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tòun náà.

"Ojú tèmi gan-an rèé!" Ó gbá gíláàsì mọ́ra. "Ọmọ mi!"

Ẹ gbọ́, mo jowú. Mo fi kànìnkànìn lé e lọ́wọ́, mo na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, mo ní kó kọ tèmi náà.

Mojírayọ̀, ìyàwó mi, ló jí mi lórí ẹní.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ dìde, bàbá mi ti dé. Ha! Ẹní ti tẹ̀ yín lẹ́rẹ̀kẹ́ o."

Mo fọwọ́ kàn án. Ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá wojú mi, ẹ̀rín pa á.

"Ọmọ mi, ta ló kọ àbàjà fún ọ?"

N kò fọjú títí ilẹ̀ fi ṣú.