Afẹ́fẹ́-kò-gbé-fìlà-mi

Nígbà tí wọ́n gbé òkú Olúyẹmí dé láti ọ̀nà Ìkọ̀lé, gbogbo obìnrin ilé fi igbe ta. Tinúọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sunkún. Ó gbé omi kaná, ó sọ̀ ọ́, ó tún gbé e kaná. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọdún tí Tinúọlá wọlé ọkọ ní Òmù, dandan ni kó wá orúkọ fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó yòókù a máa pe tiwọn ní Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀ àti Eyínfúnjowó. Tíṣà ni Tinúọlá, ìwé ìtàn àtijọ́ sì dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ, inú ìwé ló ti ṣa tirẹ̀. Ó pe Bímpé ní Ẹ̀rín-kò-tán-nílé-wa. Olúyẹmí, ọmọdé tí fìlà bàbá rẹ̀ ń bò lójú nígbà náà, ó pè é ní Afẹ́fẹ́-kò-gbé-fìlà-mi. Ọdẹ kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tí ọmọ dàgbà tó di awakọ̀, orúkọ yẹn ló kọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Bó bá ti ń kọjá níwájú ilé, Tinúọlá á ké e, fèrè ọkọ̀ ni yóò fi jẹ́ ẹ.

Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Bímpé na ìka sí Tinúọlá.

"Ọdẹ tó wọgbó tí kò padà! Òun lo fi sọ àbúrò mi lórúkọ!"

 Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ibi tí ọdẹ ti ń wọgbó ni ìtàn dá sí. Orúkọ dùn létí Tinúọlá, kò wá ìyókù kiri. Tíṣà gan-an nìyẹn! Ẹbí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ náà nínú ilé mọ́. Orúkọ àbísọ ńkọ́? Ìyàwó kò lè pè é. Kò wá sí ohun tí Tinúọlá lè fi pe òkú rẹ̀. Ó ń lọ síléèwé, ó ń bọ̀, oúnjẹ kò ní adùn, kò sì ní ìkorò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ùyàwó," ni ìyá wí, "báwo ni ùwé ìyẹn ṣe parí?"

Tinúọlá kúnlẹ̀. "Ó padà sílé, yèyé. Fìlà rẹ̀ wà lórí."

Ìyá wò ó títí. "Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ ni, yèyé. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé. N kò mọ̀."

"Bímpé ńkọ́?"

"Ìwé kan náà ló kà."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà. Pè é fún mi, bó o ti í pè é."

Tinúọlá dìde, ó kọjú sí títì, ó sì ké e tán pátá: "Afẹ́fẹ́-kò-gbé-fìlà-mi o!"

Àwọn méjèèjì dẹtí, wọ́n ń retí fèrè. Ìgbà tí kò dún ni Tinúọlá tó sunkún.