Ojú Tí Kì í Dúró De Kọ́ọ̀tù

Ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí àga oníbàárà kí Sàlíhù tó rí ojú ẹni tó jókòó lé e. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ funfun nu dígí ojú kámẹ́rà rẹ̀, ó sì ti wí láìyíjú padà pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ jókòó, mò ń bọ̀," bó ṣe máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá ya fọ́tò. Nígbà tó yíjú, obìnrin kan ló rí, ìborùn bo orí rẹ̀ títí dé àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ń gba abẹ́ ìborùn náà bọ́ sí apá àga, ó ń kán díẹ̀díẹ̀ bí omi inú àmù tó ń jò.

"Ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé, Dúdúyẹmí."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Múṣin. Ìdíátù ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ló ti fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ tí ìyá sọ ọ́.

Ó ṣí ìborùn kúrò. Ojú òsì rẹ̀ ti wú bí àgbálùmọ̀, ó ti dí pátápátá. Ètè òkè ti là. Etí kan ti ya níbi tí yẹtí ti já kúrò, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá.

Sàlíhù ò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn, Ìyá Saidat."

"Ẹ yà mí ná."

"Ẹ̀jẹ̀ yìí—"

"Ẹ yà mí ná, mo ní. Nígbà òjò tí mo gbé ẹjọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa jìn. Kó tó pé, ojú mi ti jiná. Adájọ́ wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan lára mi, kí n padà sílé lọ gbọ́únjẹ ọkọ mi." Ó fi ìborùn nu ẹnu. "Ojú mi kì í dúró de kọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá mi dá a dúró."

Kò gbé ohùn sókè rárá. Bí ẹni ń ná ata ló ṣe sọ ọ́.

Sàlíhù wo kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀, kámẹ́rà kékeré onírin dúdú tó wúwo bí òkúta. Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e bọ̀ láti ogun Bọ́má. Ó rà á lọ́wọ́ sójà òyìnbó kan nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn padà wálé. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó tà á, kó fi ra pákó, ṣùgbọ́n kò tà á. Ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Ọwọ́ rẹ fúyẹ́ ju tèmi lọ." Lẹ́yìn náà ló gba ṣọ́ọ̀bù fún un, tó kan àga, tó kan tábìlì, tó kan férémù ńlá tí wọ́n ta aṣọ àwòrán òkun sí lẹ́yìn oníbàárà. Ìyá wọn ti kú, bàbá wọn ti kú. Fàsásì ni ìyá, òun náà ni bàbá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Sàlíhù rò ó bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í pé òwe ni òun ń wá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kán.

"A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ìdíátù fi ojú kan tó ṣẹ́kù wò ó. "Èmi àti ẹ̀gbọ́n yín, ṣé ọ̀rẹ́ la wá ń bá ara wa ṣe báyìí?"

Asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ń ka ìròyìn tirẹ̀ lọ. Sàlíhù pa á. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ṣí fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn gbayawu, ó sì fi fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà.

Ó sún mọ́ Ìdíátù, ó na ọwọ́ láti gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà. Ìdíátù ju apá méjèèjì bo orí, ó ká kò sórí àga, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú orí.

Sàlíhù fà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú," ni Ìdíátù wí lábẹ́ apá rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ara mi ni kò mọ̀."

Ẹnu ni Sàlíhù fi júwe fún un lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ yíjú sí fèrèsé. Ẹ gbé orí díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá ayàfọ́tò ń fi aṣọ dúdú bo orí yà. Ihò kékeré kan ni wọ́n ń fojú wò. Bí nǹkan ò bá tíì gún, èèyàn méjì ni wọ́n máa rí nínú rẹ̀, ọ̀kan dúró, èkejì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òjìji. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí ojú kámẹ́rà náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí àwọn méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, Sàlíhù máa ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀ tí ìyàwó tuntun méjì bá di ẹyọ kan. Lónìí, ojú wíwú kan ń rìn lọ pàdé ojú wíwú kejì. Nígbà tí wọ́n di ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ hàn kedere, títí kan àlàfo ibi tí eyín kan wà lánàá.

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ ò ní fi pẹ́ńsù tún un ṣe?" ni Ìdíátù bi í. Wọ́n mọ Sàlíhù mọ́ ọn dé Ọ̀yìngbò: bó o ní ṣáṣá, bó o ní àpá, pẹ́ńsù rẹ̀ á pa á rẹ́ lára fọ́tò.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Fàsásì wọlé tòun ti òòlù, ẹ̀rún pákó kún irun apá rẹ̀. Ó yíjú padà, ó fi irin há ilẹ̀kùn láti inú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ lọ kírun. Èyí ló ba Sàlíhù lẹ́rù ju òòlù lọ.

"Wọ́n ní ìyàwó mi wá ya fọ́tò," ni Fàsásì wí. "Ayẹyẹ kí la fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó gbá irun Ìdíátù mú, ó wọ́ ọ kúrò lórí àga. Orí obìnrin náà gbá etí tábìlì. Kò ké. Fàsásì gbé ẹsẹ̀ ta á ní ìhà, ó tún ta á níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Sàlíhù gbé kámẹ́rà sórí pẹpẹ, ó fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Fàsásì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lójú. Ó ṣubú lu férémù, aṣọ àwòrán òkun ya wálẹ̀, ó bo Ìdíátù mọ́lẹ̀.

Fàsásì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan. Ó fọ́ dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Ó fọ́ ìgò oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, òórùn kíkan gba gbogbo yàrá. Ó fọ́ tábìlì. Àga ò tètè fọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó sì kàn án dáadáa. Ó lù ú, ó lù ú, ó ń bú u bí ẹni ń bú èèyàn.

Ìgbà náà ló rí kámẹ́rà. Ó ṣí i, ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó fa fíìmù jáde gbọọrọ sínú ìmọ́lẹ̀ bí ìfun ẹran. Ojú Ìdíátù tó wà lára rẹ̀ parẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà òfìfo sórí igi fèrèsé, ó gbé òòlù sókè.

Sàlíhù ò rò ó. Ó fi ọwọ́ òsì bo kámẹ́rà náà.

Òòlù balẹ̀.

Ìró ló kọ́kọ́ gbọ́, bí igi gbígbẹ tó dá. Ìrora pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ìka méjì ti kọjú sí ibi tí ìka kì í kọjú sí.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Fàsásì. "Kí ló gbé ọwọ́ rẹ débẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ọmọdé. "Sàlíhù, kí ló gbé ọwọ́ rẹ débẹ̀? Wo ohun tó o jẹ́ kí n ṣe. Wò ó!" Ó kúnlẹ̀ sáàárín gíláàsì fífọ́, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ àbúrò rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí fìlà náà. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run gbọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé."

"Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Sàlíhù wí. "Ẹ má sunkún."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ara rẹ̀. Nílẹ̀, Ìdíátù ti yọ orí jáde lábẹ́ aṣọ òkun. Ó ń wo Sàlíhù. Kò bínú. Ó ń wò ó bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé ará ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ tó jìnnà.

Ìgbà náà ni irin ilẹ̀kùn já. Ethel, aránṣọ ọmọ Sàró tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló fi èjìká gbá a wọlé, áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń tò lẹ́yìn rẹ̀.

"Fàsásì, bọ́ síta. Bó o bá tún gbé ọwọ́ sókè, màá lọ ojú ẹ bí ẹni ń lọ aṣọ."

Fàsásì dìde. Ó wo áyọ́ọ̀nù, ó wo àwọn èèyàn, ó wo òòlù nílẹ̀, kò gbé e. Wọ́n yà fún un, ó sì kọjá láàárín wọn láìbo orí.

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, onílé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Sàlíhù, ọ̀rọ̀ ilé lọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ nílé. Fàsásì tó tọ́ ẹ dàgbà náà ni."

"Òun náà ni, bàbá," ni Sàlíhù wí. Ó yíjú sí Ethel. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù kan wà nínú àpótí abẹ́ pẹpẹ yẹn. Ẹ bá mi mú un."

Ọwọ́ ọ̀tún àti eyín ló fi tì í bọnú kámẹ́rà. Ìdíátù ti dìde. Kò sí àga mọ́, àpótí òfìfo ló jókòó lé. Ojú rẹ̀ ti burú ju ti ìgbà tó wọlé lọ. Àwọn èèyàn kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó, ìborùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Kò mú un. Ó gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé.

Sàlíhù fi ọwọ́ ọ̀tún di kámẹ́rà mú mọ́ ojú. Ìdíátù méjì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tí yóò fi yí i.

"Àǹtí, ẹ bá mi yí irin roboto tó wà níwájú yìí. Sọ́tùn-ún. Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà."

Ọwọ́ Ethel, tó mọ okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, ń yí i wẹ́rẹ́.

"Ẹ dúró níbẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ títí fíìmù fi tán.

Oògùn ti dà sílẹ̀ tán, kò sí ohun tí wọn yóò fi fọ fọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ethel mọ ayàfọ́tò kan ní Yaba, ó ní òun yóò mú wọn lọ síbẹ̀. Ìdíátù so fíìmù mọ́ etí ìró rẹ̀, ó kó o sí ìbàdí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ó ní dandan, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ọwọ́ Sàlíhù.

Ìdí-Òrò ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ń gbé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń to eegun. Oòrùn ọ̀sán ti mú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ó ní kí Sàlíhù jókòó sórí ẹní, ó tú fìlà kúrò lára ọwọ́ náà, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ìdíátù àti Ethel jókòó ti ògiri.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yìí?"

Ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Sàlíhù. Kò wá a, kò rò ó. Ó kàn wà níbẹ̀ tán porogodo, tòun ti ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀: afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀kùn gbá padà, ọwọ́ òun wà lára òpó. Ẹnu yà á bí ó ṣe rọrùn tó. Ó wo Ìdíátù. Ìdíátù ń wo ilẹ̀. Sàlíhù mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, kò ní já òun nírọ́. Bóyá ni kò ní í bá òun gbè é, kó sọ irú igi tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà àti bí ìjì náà ṣe le tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Òòlù ló fi lù ú."

"Fàsásì káfíńtà?"

"Òun ni, bàbá."

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé mi orí. Ó di ọrùn ọwọ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi èkejì di ìka méjèèjì mú, ó sì fà á.

Sàlíhù ké. Igbe náà gba ojú fèrèsé jáde sí títì, àwọn tó ń kọjá dúró, ẹnì kan ń béèrè pé ta nìyẹn. Láti kékeré ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń di eyín mọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi padà sínú. Kò di eyín. Ó jẹ́ kó máa lọ.