Káàdì Tí Gbogbo Ayé Ń Gbà

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ káàdì mọ́. Mo ti wá a káàkiri títí, mo mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń fún èèyàn ní káàdì ní báńkì lọ. Ní Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pè mí láti Istanbul pé Kunduz ọmọ mi, tó ń ránṣọ níbẹ̀, ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti tú sínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì ń mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ni kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí èémí yẹn tó dúró. Ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Osh, ìlú wa, lọ síbẹ̀ tààrà yóò gbéra ní Ọjọ́bọ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọjà wa ti kógbá sílé. Orí kọ̀ǹpútà nìkan lèèyàn ti lè rà á báyìí, àbúrò ọkọ mi ló sì ní kọ̀ǹpútà nínú ẹbí. Èmi kì í dárúkọ rẹ̀, ìyàwó ilé kì í dárúkọ ẹbí ọkọ níbí. Ọkọ mi kékeré ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, tí irun sì ti ń tán lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé káàdì owó ìfẹ̀yìntì mi fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mi orí.

"Wọn ò gbà á. Káàdì abẹ́lé nìyí, ìyàwó wa. Ó lè ra búrẹ́dì ní Osh, àmọ́ kò lè kọjá bodè."

"Kí ni wọ́n wá ya idì tó ń fò sí i lára fún?"

"Idì yẹn ò ní pásípọ́ọ̀tù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé, ẹ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú káàdì tí ọmọkùnrin mi fi sílẹ̀ nígbà tó ti Moscow bọ̀ lọ fún un. Ọkọ mi kékeré kò tilẹ̀ dápàárá lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè kì í gba káàdì Rọ́ṣíà mọ́, kí n lọ sí báńkì, kí n gba ti dọ́là. Ó wá ní kí n fi fóònù mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé kóòdù báńkì yóò máa wọlé sí i. Mo fún un. Bí mo ṣe ń jáde, mo rí aṣọ onírun tí wọ́n fi ń bo àgọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi àgọ́ ṣe?"

"Ọdún Nooruz ló dé."

"Ara yín mà yá o! Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin ń múra ọdún!"

Ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà dé. Mo bínú títí mo fi sùn.

Ọjọ́rú ni báńkì tó dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin kan tó kun èékánná rẹ̀ pupa fòò ló jókòó síwájú mi.

"Ṣé wọ́n ń gba eléyìí níta?"

"Gbogbo ayé ni, Màmá."

"Gbogbo ayé ni wọ́n sọ fún mi nípa ti àkọ́kọ́. Ṣé Turkey wà nínú gbogbo ayé tìẹ?"

"Ó wà ńbẹ̀, Màmá. Kò síbi tí wọn ò ti mọ àmì yìí."

"Orúkọ mi ńkọ́? Ṣé bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù lo kọ ọ́?"

Mo dà á láàmú débi pé ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n mo gba káàdì náà, mo dì í mọ́ àyà mi délé. Inú mi dùn. Mo ti ń ro aṣọ tí n óò kó.

Nílé ọkọ mi kékeré, ìyàwó rẹ̀ gbé tíì fún mi, kò wojú mi. Ó bu ṣúgà sí i, ó tún bu ṣúgà sí i. Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n kọ̀ ọ́."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èèyàn kì í fi nọ́ńbà tàn mí. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì yẹn, 417 ni. Mo yọjú wò ó léjìká: 471 ló tẹ̀.

"Ẹ ṣì í tẹ̀."

Ó pa á rẹ́, ó tẹ 714. Kí n tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọkùnrin yìí ní ìṣirò ní kíláàsì karùn-ún. Kì í ṣe olódo.

"Ermek!"

Láti ọdún márùndínlógójì tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pe orúkọ yẹn rí. Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ermek, ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi kú kí n tó débẹ̀ ni?"

Ó dojú bolẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Baba Toktosun dé," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí Baba dé."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Níbí, ẹnì kan kì í dá tú ọ̀fọ̀ fún ìyá. Àgbà pátápátá nínú ẹbí ló gbọ́dọ̀ kó àwọn àgbààgbà lẹ́yìn, kó sì jókòó tì í kó tó sọ ọ́. Àgbà tiwa, Baba Toktosun, ń bẹ lórí òkè ní Alay, yìnyín sì ti dí ọ̀nà. Wọ́n wá gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n má baà gbọ́, wọ́n sì ń fi káàdì dá mi dúró dè é. Ẹ sì wò ó, èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí ọmọ aládùúgbò mi kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán ìyá rẹ̀ lọ ra kárọ́ọ̀tì kí àwọn àgbà tó dé. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe.

Baba Toktosun dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun àti àgbà mẹ́fà pẹ̀lú fìlà funfun wọn, ẹrẹ̀ dé orókùn. Ó jókòó.

"Zuurakan, di àmùrè rẹ gírígírí."

"Ìgbà wo ni, Baba?"

"Òru Ọjọ́ Ajé."

Ọmọ mi ti wà nínú yàrá òkú nígbà tí mò ń yọ ọmọ báńkì lẹ́nu. Mo bú wọn. Mo bú Baba pàápàá, mo pè wọ́n ní òpùrọ́ onírùngbọ̀n, wọ́n tẹrí ba, wọ́n gbà á. Níta, àwọn ọkùnrin ti ń já igi àgọ́ náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ la óò tẹ́ òkú ọmọ mi sí.

Nígbà tí ohùn mi há, Ermek kúnlẹ̀ tì mí. Kò lè wojú mi.

"Ìyá Kunduz, àwọn tó fẹ́ gbé e wálé láti Istanbul sọ pé a gbọ́dọ̀ sanwó lónìí kó tó lè bá ọkọ̀ ọ̀la padà wá. A ti gbìyànjú káàdì gbogbo wa. Wọn ò gbà á."

Mo mú èyí tí gbogbo ayé ń gbà jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, 417. Kóòdù wọlé sórí fóònù mi tó ṣì wà lọ́wọ́ Ermek. Ó kà á sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣi ẹyọ kan kà.