Ojú Àwọn Tó Dúró Lẹ́yìn

"Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa lọ, Ọ̀gá Akínrẹ̀mí," Sàlíhátù wí. "Àwọn èrò tó jókòó lẹ́yìn yẹn ni mò ń wò. Ọkùnrin tó dé fìlà pupa yẹn, ṣé ó ní irùngbọ̀n àbí kò ní?"

Akínrẹ̀mí na ọrùn, ó wo tẹlifíṣàn ńlá tó gbé kọ́ ara ògiri. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ta tẹlifíṣàn ní Effurun, kò sì tíì rí oníbàárà tó ń wá irùngbọ̀n òǹwòran. Àwọn kan a béèrè bóyá ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Àwọn mìíràn a béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e. Ìyá yìí ti dúró níwájú tẹlifíṣàn márùn-ún láti àárọ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń béèrè nídìí gbogbo wọn.

"Kò hàn, Màmá," ó ní. "Ó dà bíi pé ó ní, ó tún dà bíi pé kò ní."

"Ẹ pa á, ẹ jẹ́ ká wo òmíràn."

Qudrah, ọmọbìnrin Sàlíhátù, fi ọwọ́ pa ara tẹlifíṣàn náà. Pẹlẹbẹ ni, ó ń dán, ó sì fẹ̀ tó orí tábìlì ìjẹun. "Mama, na this one fine pass," ó ní. "E big. Anybody wey enter there, you must see am." Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Qudrah. Kò sí Yorùbá tí wọ́n sọ tí kò yé e, ṣùgbọ́n Warri ni wọ́n bí i sí, Píjìn ló sì fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

"Títóbi kọ́ la wá rà," Sàlíhátù wí. "Ojú èèyàn ni mo fẹ́ kó hàn."

Ará Ìjẹ̀bú ni Akínrẹ̀mí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ ọjà tà. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ lórí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lójú ìyá yìí tó jẹ́ kí gbogbo àdídùn náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. "Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ta lẹ fẹ́ fi tẹlifíṣàn yìí wò gan-an?"

"Ọmọ mi ni."

Ó wá sọ ọ́ fún un, ní ìdúró níbẹ̀, láìsunkún, nítorí ó ti sunkún tán. Abdulmajeed lorúkọ ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí odò. Ní oṣù kẹta, àwọn ọmọkùnrin kan wá mú un pé ẹ́ńjìnnì àwọn kọ̀, kó wá bá àwọn wò ó. Ó ní òun yóò dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àgọ́ àwọn tó ń bá ìjọba jà nínú igbó inú omi ni wọ́n gbé e lọ, àwọn yẹn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe padà sílé. Ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Mama, no worry, I dey chop." Ní oṣù karùn-ún, àwọn sójà gbé ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun wọ inú omi náà. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù rẹ̀ kò dún mọ́.

Nísinsìnyí, ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ jọ̀wọ́ ìbọn rẹ̀ wá jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn ti forí jì í. Lọ́jọ́ Ajé, Godwin, awakọ̀ ojú omi tó máa ń ná ọ̀nà inú omi náà, wá bá Sàlíhátù nílé. Ó ní mọ́kàndínlógún péré ló ṣẹ́kù láàyè nínú àwọn ará àgọ́ yẹn, gbogbo wọn ni yóò sì jáde lọ́jọ́bọ̀. Orí pápá kan ni wọ́n yóò ti gbé ìbọn sílẹ̀. Sójà kò ní jẹ́ kí ẹbí kankan súnmọ́ wọn, láti ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì yóò sì ti gbé wọn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn ìlú yóò fi wọ́n hàn láago mẹ́rin. "Na nineteen, Mama," Godwin wí. "If im dey, you go see am. If you no see am…"

"Ọmọ mi kì í dúró níwájú," Sàlíhátù sọ fún Akínrẹ̀mí. "Láti kékeré, bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ló máa ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè àwọn tó wà lẹ́yìn."

Akínrẹ̀mí pa tẹlifíṣàn ńlá náà. "Ẹ má ra eléyìí," ó ní. "Èmi tí mò ń tà á ni mò ń sọ fún yín. Àwòrán tẹlifíṣàn ìlú wa kò lágbára. Bí wọ́n bá nà án sójú nǹkan tó fẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń ṣàn bí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ pọ̀jù." Ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀, ó gbé ọ̀kan jáde, irú èyí tó ní ikùn lẹ́yìn, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́. Ó fi àkísà nu eruku ojú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rìàlì, ó tan án. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ń kọrin.

Sàlíhátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn," ó ní, "eyín rẹ̀ yọ èjí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo rí i."

"Ẹ bá mi dì í."

Akínrẹ̀mí fi ẹ̀rìàlì lé e láìgba kọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá tó ga ju òrùlé lọ. Bí àwòrán bá dàrú, kí ẹnì kan máa yí ọ̀pá níta, kí ẹnì kejì máa wo ojú rẹ̀ nínú ilé.

Hàmídù, ọkọ Sàlíhátù, wà lórí ẹní níwájú ilé wọn ní Okumagba Layout nígbà tí takisí já wọn sílẹ̀. Bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ló ń tà lọ́jà. Ó ń ṣa bọ́tìnnì funfun kúrò lára dúdú. Ó rí páálí náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí nìyẹn?"

"Tẹlifíṣàn ni, Bàbá Majeed. Owó èésú mi ni mo fi rà á."

"Bàbá Qudrah," ó wí.

Bó ṣe ń tún un ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn láti oṣù karùn-ún, ní mọ́ṣáláṣí, lọ́jà, láàárín àwọn aládùúgbò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi pè é ní Bàbá Majeed. Ní báyìí, ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ ìdáhùn.

"Èmi fúnra mi ni mo ta ti tẹ́lẹ̀," ó ní, "nítorí òkú ni wọ́n ń kà lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ wá lọ ra òmíràn. Fìdáù ọmọ yìí di ọjọ́ Àìkú, o sì mọ̀. Mo ti bá Ààfáà Ràhímù sọ̀rọ̀. Mo ní kó o fọ aṣọ rẹ̀, ká lè fi ṣe sàráà lọ́jọ́ náà, o kò fọ̀ ọ́."

"Ààfáà fúnra wọn ní ó ti yá jù. Àdúà òkú lẹ fẹ́ ṣe fún ẹni tá ò rí òkú rẹ̀."

"Sàlíhátù, sójà ti tú ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ń kọjá, àwọn èèyàn á ní bàbá ọmọ inú omi ló ń lọ yẹn. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú, á sunkún, á sì dákẹ́. Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni n ó dákẹ́?"

Hàmídù kì í ṣe ìkà èèyàn. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò rí i ní oṣù kẹfà, nígbà tó mú fọ́tò pélébé ọmọ náà dání, tó ń ti ilé òkú kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ṣí aṣọ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Sàlíhátù mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi bá a jà. Ó gbé páálí rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́bọ̀, iná lọ láago mẹ́ta. Qudrah fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kéèyàn nù lára ẹ̀rọ náà. Nígbà tó gbà láti ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n tan tẹlifíṣàn. Kìkì funfun ló ń hó lójú rẹ̀.

"Yí ọ̀pá!" Sàlíhátù kígbe. Qudrah sáré jáde. Ọ̀pá oparun gígùn ni wọ́n so ẹ̀rìàlì mọ́ lẹ́bàá fèrèsé, atẹ́gùn sì ń fẹ́.

"E don clear?"

"Kò tíì! Yí i sí i!"

Ohùn ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ láti inú funfun náà. Ó ní àwọn ọmọkùnrin náà ti dé orí pápá. Sàlíhátù gbá ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Owó èésú rẹ̀, ìrìn Effurun, ojú tó wá rà, gbogbo rẹ̀ fẹ́ bọ́ sínú omi níṣojú rẹ̀.

Hàmídù wà lórí ẹní rẹ̀ níta, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

"Daddy, abeg," Qudrah ní, ẹkún ti ń gbọ̀n ọ́n lóhùn. "E too heavy. I no fit hold am."

Sàlíhátù gbọ́ ìró sílípáàsì. Ojú ọkọ rẹ̀ yọ lójú fèrèsé, ó ti gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ṣé ó ti hàn?" ó béèrè.

"Ẹ yí i díẹ̀ sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ dúró! Ẹ má mira rárá!"

Àwòrán náà dúró. Pápá rèé, tábìlì rèé, ìbọn rèé lórí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà wà lórí ìlà méjì. Sàlíhátù kúnlẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan dígí. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ láti apá kan, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mẹ́wàá ló wà níwájú. Ó wo ojú kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀. Ó bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n ti gé ọ̀kan létí. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí kò sẹ́ni tó rí i. Mẹ́jọ kọjá. Ẹni ìkẹyìn pátápátá wá fara pa mọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀, ó doríkodò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìgbọ̀nwọ́ òsì mú lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí Abdulmajeed ṣe máa ń dúró nìyẹn. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ń dúró nìyẹn.

"Ìyá Majeed!" Igbe náà ti ojú fèrèsé wá. "Ìyá Majeed! Òun nìyẹn! Òun nìyẹn lẹ́yìn! Wo ọwọ́ rẹ̀!"

Oṣù márùn-ún rèé tí orúkọ yẹn kò ti jáde lẹ́nu Hàmídù. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dìrọ̀ mọ́ ọ̀pá náà kó má bàa yẹ̀. "Alihamudulilai! Èmi ni mo fẹ́ ka ọmọ mi mọ́ òkú! Ọlọ́run, forí jì mí!" Qudrah di mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń fò sókè.

Ọmọkùnrin orí pápá náà gbójú sókè, kámẹ́rà sì dúró lójú rẹ̀. Tẹlifíṣàn kékeré náà kò purọ́. Gbogbo rẹ̀ ló fi hàn, bó ṣe hàn ní ìsọ̀ Akínrẹ̀mí. Ojú fífẹ̀, ètè tó nípọn. Òkè ojú òsì rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Abdulmajeed ní àpá níbẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú létí kànga lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń wá ìyá tirẹ̀ náà. Kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀. Mọ́kàndínlógún pé.

"Ṣé o rí i?" Hàmídù ń béèrè. "Láti ibí, mo dá ìdúró rẹ̀ mọ̀!"

Sàlíhátù yíjú sí fèrèsé láti sọ ọ́ fún un. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀ láàárín irin fèrèsé, ojú tó ti há pa láti oṣù karùn-ún, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀," ó ní. "Ẹ sinmi."

"Ìsinmi kẹ̀! Mò ń lọ bá Ààfáà. Wọn kò gbọdọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú mọ́!" Ó ti ń lọ, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Sàlíhátù gbọ́ tí ẹnì kan kí i lójú pópó, tó pè é ní Bàbá Majeed, Hàmídù sì jẹ́ ẹ.

Ó pa tẹlifíṣàn. Òun yóò sọ fún un lọ́la, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán. Kí ó ní ọmọ títí di àárọ̀ ná.

Ó wọ yàrá, ó fa àpò aṣọ Abdulmajeed jáde lábẹ́ ibùsùn. Láti oṣù kẹta, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ̀ ọ́. Òórùn ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára gbogbo rẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé bàsíà kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó fi bo imú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rì í sínú omi. Epo ẹ́ńjìnnì léfòó.

Qudrah sáré dé, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Mama! You dey wash am make im meet am clean?"

Sàlíhátù kò gbójú sókè. Ó fi ọṣẹ pa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Bá mi pọn omi sí i," ó ní. "Aṣọ náà pọ̀."