Ipa Ẹsẹ̀ Bàbá Lágúnjú

Ọjọ́ Ajé ni mo rí ọ̀rọ̀ náà lára pátákó nínú ọ́fíìsì Dókítà Fáníyì, olùkọ́ Látìn ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń ṣe ìmọ́tótó. Ọdún mẹ́rin péré ni mo ti mọ̀wé kà, nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ ni mo máa ń dán wò. VESTIGIUM. Mo pè é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gba orí òkúta sọdá odò.

Dókítà gbójú sókè. "Màmá Ìmísí, ẹ ti ń ka Látìn báyìí. Ẹ óò gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ ń fi mí ṣeré, sà. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni, ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń lò ó fún ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ohun tó ti lọ, bí ìpìlẹ̀ ilé tó wó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ajá ọdẹ tó ń tọpa ẹran ti wá, ibẹ̀ náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń pe ìwádìí, ìyẹn investigation. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kíá, àwọn ará Róòmù a tún mẹ́nu ba ojú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibo ló ti wá?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú, Màmá. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ipa, ipa tirẹ̀ ti parẹ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo jí, mo mú ìgbálẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi pé ìdọ̀tí àná kò gbọdọ̀ rí oòrùn òní. Mo gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bàbá mi títí dé ojú títì, iyanrìn sì mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Bẹ́ẹ̀dì Bàbá ṣófo.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni bàbá mi, Lágúnjú. Ẹsẹ̀ òsì wọn kì í kúrò nílẹ̀, wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ lọ jẹ́rìí ní kóòtù lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Àwọn nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí wọ́n gbin igi ààlà sí. Akínkúnlé, ọmọ àbúrò wọn, ló ní òun yóò fi ọkọ̀ gbé wọn lọ.

Akínkúnlé náà ló kọ́kọ́ dé nígbà tí mo figbe ta. Ó wo ilẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbá ojú ẹsẹ̀ wọn dànù. Ta ló fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà?"

Òótọ́ ló sọ.

"Ìlárè ni wọ́n máa lọ," ló ní. "Ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀." Ó kó gbogbo ọkùnrin agboolé wa ní Ìrémọ lẹ́yìn, wọ́n lọ.

Mo fi fóònù pe ọ̀rẹ́ mi Hàjàrá, tó ń ta àgbò ní Sábó. Bí ẹran bá sọnù níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè láti tọpa rẹ̀. Ó dé, ó dúró lórí iyanrìn tí mo gbá.

"Ẹ̀yin Yorùbá yìí," ló wí, "bí ẹ bá kú, ẹ óò kọ́kọ́ dìde gbálẹ̀ ná. Ṣé o gbá ẹ̀yìnkùlé náà?"

"Rárá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbá ibẹ̀."

"Máa bọ̀."

Lẹ́yìn ilé ìdáná la ti rí i: ẹsẹ̀ ọ̀tún kan, àti ìlà gbọọrọ tí ẹsẹ̀ òsì fà. Ó forí lé ọ̀nà oko, kò kan Ìlárè rárá. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wọ bàtà kánfáàsì. Wọ́n jọ rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó mọra. Hàjàrá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bí a ṣe ń lọ, kí n má baà sunkún.

Nídìí igi ọsàn kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ ojú ẹsẹ̀ náà.

"Wò ó. Ẹni méjì ló dé ibí. Ẹnì kan ló kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni náà ti wúwo sí i."

Mo wò ó. Ìlà ẹsẹ̀ Bàbá ti tán. Bàtà kánfáàsì náà ń lọ ní òun nìkan, ó rì jìn sínú ilẹ̀, títí dé ibi tí táyà ọkọ̀ ti tẹ koríko.

"Ó gbé wọn," ni mo wí.

Hàjàrá ń wo ojú ọ̀run, tó ti ṣú.

Mo yọ ìwé mi àti pẹ́ńsù. Mo kúnlẹ̀, mo ya àwòrán ojú bàtà náà bí mo ṣe rí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ pẹ́ńsù kan àti ìka mẹ́ta. Àmì onígun mẹ́rin kéékèèké ló kún abẹ́ rẹ̀, gìgísẹ̀ òsì sì ya láàárín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A kò tíì dé ilé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ gan-an. Àwọn ọlọ́pàá tí mo pè lórí fóònù ní bí òjò bá dá, àwọn ń bọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé pé jọ sí pálọ̀ wa láti gbàdúrà. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó láàárín wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo dìde bí ẹni tó fẹ́ bu omi. Mo jáde, mo ṣí ìwé mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bàtà dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkeje jẹ́ kánfáàsì. Mo gbé pẹ́ńsù lé e. Mo wo gìgísẹ̀ òsì: ó ya láàárín.

Mo dá a padà síbi tó wà gan-an, mo wọlé, mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Àmín ni wọ́n ń ṣe.

Wọ́n ń jáde, wọ́n ń wọ bàtà. Ó ku ẹnì kan. Akínkúnlé bẹ̀rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ kánfáàsì náà, ó ń so okùn rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìlárè náà la óò tún gbà lọ́la."

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Akínkúnlé, ṣé Bàbá ṣì wà láàyè?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn bàtà. Kò gbójú sókè.