Bátìrì Abẹ́ Àwọ̀n

Nígbà tí à ń wí yìí, Dosu apẹja ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn ẹ̀gbà ti mú un lápá kan. Ìyá tó bí Deborah aya rẹ̀ náà ṣì wà láyé ní Ikoga, ó ṣì ń fi ohùn gooro bú àwọn ọmọ tó bá gun igi àgbọn rẹ̀. Sagbo nìkan ni kò sí mọ́, àbúrò Dosu, tí òkun gbé lọ níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin.

Ayé ológun ni. Kẹrosíìnì di góòlù, epo bẹntiróò di àwátì, iná mànàmáná a sì máa wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Bí Moyọ̀sọ́lá, ọmọ-ọmọ Dosu, bá mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí Deborah lónìí, ọ̀rọ̀ ìgbà náà ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá, ẹ rántí gémù èmi àti Bàbá àgbà?" Deborah á ní òun rántí. Á wá dìde, á ní òun ń lọ wo ìkòkò lórí iná, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkòkò lórí iná.

Ayọ̀olúwa, ọmọ Deborah, àti Ògúnṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ará Èkìtì, ló fi Moyọ̀sọ́lá ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dosu àti Deborah ní Ibereko. Ògúnṣẹ̀yẹ ló ra gémù náà ní àlòkù ní Àjàṣẹ́. Babátúnjí, rẹwáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Mowo, bá wọn so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, òun àti tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú-funfun. Ọkùnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń sáré, tó ń fò látorí òkúta kan sí òmíràn, omi sì wà nísàlẹ̀. Bó bá ṣìṣe, omi á gbé e mì. Kò ní pẹ́, á tún yọ létí omi, á tún máa sáré lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ti sọ fún Moyọ̀sọ́lá pé bí èèyàn bá fò títí, á kan omi ńlá kan, òdìkejì rẹ̀ sì ni àwọn ará ilé ọkùnrin náà dúró sí tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú pẹ́nrẹ́n, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa tún mú un.

Dosu tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ wá sọ iwájú tẹlifíṣọ̀n náà di ojú òkun rẹ̀. Òun ló ń kọ́ ọmọ náà. Bí òkúta bá ń léfòó lọ léfòó bọ̀, á ní, "Má tíì fò. Jẹ́ kí ìgbì yẹn kọjá." Ọmọ náà á dúró, òkúta á dé, á fò, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Inú Deborah ń dùn sí i láti ìdí ààrò, títí ó fi gbọ́ orúkọ yẹn.

Ọkùnrin kékeré náà já sómi, Dosu sì ní, "Fọ́n, Sagbo, fọ́n." Ègùn ni, dìde ló ń wí. Bó sì ti yọ létí omi, Dosu fi ọwọ́ tó yè lu itan.

Ara Deborah bù máṣọ. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni pé a kì í pe ẹni tí omi gbé lọ, pàápàá nínú ilé tí àìsàn bá wà. Bí wọ́n bá pè é, á dáhùn; bó bá sì dáhùn, kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá orúkọ mìíràn fún ọkùnrin náà.

"Orúkọ ta ni kí n wá pè é?" ni Dosu bi í. "Ti Ògúnṣẹ̀yẹ? Ìyẹn ò mọ odò ó wẹ̀, omi inú báàfù gan-an ń bà á lẹ́rù."

Ọ̀rọ̀ náà kò pa Deborah lẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Moyọ̀sọ́lá kígbe pé omi ńlá rèé, àwọn ti rí i. Deborah gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún Sagbo pé ilé ti dé. Ó sáré wọlé, ó já wáyà. Ó ní bátìrì ti fẹ́ jóná. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ti gbé e lọ fún Babátúnjí kó fi iná sí i, pé kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ta ni kò ní gbà á gbọ́ lásìkò yẹn? Abẹ́ àwọ̀n ìpẹja Dosu, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ló gbé e pa mọ́ sí.

Bí Moyọ̀sọ́lá bá ti iléèwé dé, á béèrè. Dosu náà a máa béèrè bóyá epo ti dé Mowo. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ẹ̀kọ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù síbẹ̀. Deborah wò ó títí, ó wá yé e pé ohun tóun fẹ́ fi dá a dúró ló ń tì í lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó sọ fún un pé òun ń lọ sí Mowo lọ gbé bátìrì.

Dosu kò yíjú. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, abẹ́ àwọ̀n mi ló wà. Àwọ̀n mi kì í wú bẹ́ẹ̀."

Deborah bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni. Mo ń dúró kí ìgbì rẹ̀ kọjá."

Ó ru bátìrì náà dé Mowo. Babátúnjí ní bátìrì tí wọ́n pa tì báyìí ti kú fin-ín-fin-ín, kó fi sílẹ̀ di ọ̀la. Deborah ní òun kò lọ. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí epo ọkùnrin náà fi tán, ó sì ru ìwọ̀nba iná tó rí gbà bọ̀ wálé.

Ó bá Moyọ̀sọ́lá níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn, ọmọ náà ti nu gíláàsì rẹ̀ mọ́, pádì gémù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, Bàbá àgbà sùn. Mo pè wọ́n pé ẹ ti ń bọ̀, wọn ò dáhùn."

Deborah sọ bátìrì kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò fi orúkọ pe Dosu rí. Ó lọ di èjìká ọkọ rẹ̀ mú, ó ti tutù. Òun tó ní kí wọ́n má pe òkú nínú ilé òun, òun ló wá ń pè é, ọmọ náà sì ń wò ó.

"Fọ́n, Dosu. Fọ́n."