Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹrù?

Kí ọmọ ẹni rán ni lọ jayé, kí ọkọ ẹni wá sọ ìjayé náà di iṣẹ́ ọdẹ, ẹ sọ fún mi, ta lèèyàn máa fi ìyẹn sùn? Ohun tí ojú Morẹ́nikẹ́ rí nínú ọkọ̀ òkun lọ́dún 2007 nìyẹn. Kúnbi ọmọ wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sanwó fún ìyá àti bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n fi ṣàjọ̀dún ọdún márùndínlógójì ìgbéyàwó wọn. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ní Singapore, wọ́n á gba Malaysia dé Thailand, wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan lọ wo ìlú. Ọkọ̀ náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ilé oúnjẹ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wọn ní Ìkòsí ló gbàdúrà fún wọn, pé ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re.

Ẹni tí wọn kò rántí gbàdúrà fún ni Bàbá Kúnbi, pé kí Ọlọ́run bá a gbé ọkàn rẹ̀ kúrò nílé. Ọládipúpọ̀ Oyèwùmí lorúkọ rẹ̀. Ó ṣe sítọ́ọ̀-kípà nílé-iṣẹ́ kan ní Gbàgádà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìṣó kan ṣoṣo kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Nínú ilé rẹ̀, òfin kan wà tó ju òfin Mósè lọ, pé ilé kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí Mummy Kúnbi bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Daddy Kúnbi á jókòó ti géètì. Bí Daddy Kúnbi bá lọ ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, Mummy Kúnbi á jókòó ti géètì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Kúnbi gan-an, bí àlùfáà ṣe ń ṣe "àmín" báyìí, bàbá ìyàwó ti wà nínú ọkọ̀, ó ń padà sílé. Àwọn àna rò pé owó orí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn o, ó nídìí. Lọ́dún 1979, wọ́n lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Òdógbolú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n dé, ẹlòmíì ti gbẹ́ fandéṣọ̀n sórí ilẹ̀ tí wọ́n rà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń wo ojú wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó di dandan kó tún ilẹ̀ ara rẹ̀ rà lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ yẹn, àfi ọjọ́ ìgbéyàwó Kúnbi, òun àti Morẹ́nikẹ́ kò jọ jáde nílé lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Báwo wá ni wọ́n ṣe dé Singapore? Kúnbi sunkún lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta ni. Ládé, àbúrò Morẹ́nikẹ́, wá ń sùn nínú ilé náà, Bàbá Kúnbi sì ti gbogbo yàrá pa mọ́ ọn àfi pálọ̀.

Àṣé eléyìí tí wọ́n ń wí yẹn, kékeré ni. Bí wọ́n ṣe wọ kábínì wọn nínú ọkọ̀, Bàbá Kúnbi ṣí àpótí, ó yọ ápòòwé ńlá kan jáde láàárín ẹ̀wù.

"Kí lẹ gbé dání yẹn?" Morẹ́nikẹ́ bi í.

"Ìwé ilé ni."

"Ìwé ilé èwo? Ilé wa ti Ìkòsí?"

"Ìwé ilé, ìwé súfè tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, risíìtì àkọ́kọ́, risíìtì ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àbí kí n fi sílẹ̀ fún Ládé ni?"

"Ládé tó jẹ́ díákónì?"

"Ṣé díákónì kì í ta ilẹ̀ ni?"

Àpótí irin kékeré tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣí wà nínú kábínì náà tí èèyàn lè kó nǹkan iyebíye sí. Bàbá Kúnbi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ṣe àpótí náà, ṣé òun ni kò wá ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i? Ẹni tó wá bà á lẹ́rù jù ni ọkùnrin ará Philippines kan, ẹni bí àádọ́ta ọdún, tó ń tún kábínì wọn ṣe lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì sí àwòrán ẹranko, á gbé e sórí ibùsùn de àwọn àlejò. Lọ́jọ́ tó ká erin, inú Morẹ́nikẹ́ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́.

"Ẹni tó lè sọ táwẹ́ẹ̀lì di erin," ó ní, "kí ni kò lè sọ ìwé ilé dà?"

Ló bá fa bébà yọ, ó fi rúlà gbá ìlà sí i, ó kọ ètò ọdẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Port Klang: Daddy lọ, Mummy ṣọ́ ẹrù. Penang: Mummy lọ, Daddy ṣọ́ ẹrù. Phuket: Daddy lọ, Mummy ṣọ́ ẹrù. Ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ṣọ́ láti fọwọ́ sí i. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ní kó lọ gbádùn nìyẹn.

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ rí orúkọ Phuket lórí bébà náà, àyà rẹ̀ já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 1988, onílé-oògùn kan ní Kétu fún un ní kálẹ́ńdà. Oṣù Ọ̀wàrà kálẹ́ńdà náà ní àwòrán òkúta kan tó dá dúró láàárín òkun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tínrín, orí rẹ̀ fẹ̀, ewéko sì bò ó lórí. Ọdún 1988 lọ, àwòrán náà kò kúrò lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Bí òbí oníjàngbọ̀n bá wá jà, bí owó oṣù kò bá wọlé, Morẹ́nikẹ́ á gbójú sókè wò ó. Thailand ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Kúnbi mọ̀, òun ló ṣe wá ọkọ̀ tó máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Kúnbi kò mọ̀ ni pé ìyá òun kò fẹ́ dá wo òkúta náà. Ó fẹ́ kí òun àti ọkọ òun jọ wò ó, kí wọ́n jọ jókòó síbì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀kan nínú wọn tó kú.

Ní Port Klang, Bàbá Kúnbi lọ wo ìlú. Ó padà dé nírọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń wo ògiri láti àárọ̀ ní kó ròyìn. Ó ní wọ́n mú àwọn lọ wo ilé gíga méjì kan tó fẹ́ kan ọ̀run.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Wọn ò ṣe fẹ́ǹsì sí i," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ìròyìn tán.

Ní Penang, ó kan Morẹ́nikẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, tọkọtaya ni gbogbo èèyàn, méjì méjì ni wọ́n jókòó. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ṣófo. Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan wo àga òfìfo náà, ó wo ojú rẹ̀, ó rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó sì bi í pé ọdún wo ni bàbá kú. Ṣé kí Morẹ́nikẹ́ ní bàbá ò kú, bàbá ń ṣọ́ ápòòwé? Obìnrin náà fún un ní bisikíìtì. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́, ojú ń tì í, inú ń bí i, omi sì lé ròrò sí i lójú. Opó ọ̀sán gangan! Ìyẹn ni wọ́n fi rán an padà sínú ọkọ̀.

Nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé wá bá wọn ní kábínì, ó bẹ ọkọ rẹ̀. "Daddy Kúnbi, ẹ jọ̀ọ́. Phuket ló kù, ibẹ̀ sì ni òkúta mi wà."

"Ó dáa," ọkọ rẹ̀ ní, ó ń já ẹran jẹ. "Mo yọ̀ǹda fún ẹ. Ìwọ lọ, èmi á ṣọ́. Ṣé ìwọ náà rí i pé mi ò le jù?"

"Èmi àti ẹ̀yin ni mo wí. Ká jọ lọ."

Ó gbé ẹran sílẹ̀. Ó wò ó bí ẹni pé ó ní kó ta ilé. "Ta ni yóò wá ṣọ́ ẹrù?"

Morẹ́nikẹ́ kò bá a jiyàn. Èèyàn tó ti bá ọmọ ilé-ìwé olórí kunkun jà fún ọgbọ̀n ọdún mọ ìgbà tí ẹnu kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti dúró ní Phuket. Bàbá Kúnbi wọ ilé ìwẹ̀. Nígbà tó jáde, pẹ̀lú ọṣẹ létí, àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ápòòwé kò sí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti fìlà òòrùn lórí. Ó fi ìró kejì pọn nǹkan sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ oṣù mẹ́ta.

"Morẹ́nikẹ́! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ìwé ilé ti gbọ́ pé òkúta kan wà láàárín òkun, ó ní òun fẹ́ lọ wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ọ, kó máa bọ̀."

Ó jáde. Kí Bàbá Kúnbi tó wọ ṣòkòtò, ìyàwó rẹ̀ ti dé ìdí àtẹ̀gùn. Ó sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú bọ́tìnnì tí kò bára mu, kò lè pariwo nítorí àwọn òyìnbó. Ibi tí ìwé ilé bá ń lọ ni bàbá ń lọ. Bọ́ọ̀sì gbé wọn dé èbúté kékeré kan. Obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan dúró ya fọ́tò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ kékeré tó máa gbé wọn wọ òkun. Bàbá Kúnbi fi ọwọ́ kan gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó fi ìkejì di ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ mú gírígírí. Láti ayé ológun, ọwọ́ yẹn kò kan èjìká Morẹ́nikẹ́ ní gbangba. Obìnrin òyìnbó oníbisikíìtì rí wọn, ó dirọ̀ mọ́ ọkọ tirẹ̀, ó ní ẹ wo ìfẹ́! Bàbá náà ti jíǹde, kò sì fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ gbéra. Omi àwọ̀ ewé, òkúta gíga lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó yá, wọ́n yí kọ́nà kan, ó sì yọ. Òkúta kálẹ́ńdà! Òun náà gan-an, ìsàlẹ̀ tínrín, orí fẹ̀, kò yí padà láti ọdún 1988. Omijé bọ́ lójú Morẹ́nikẹ́.

"Ẹ wò ó! Daddy Kúnbi, ẹ wò ó!"

"Mò ń wò ó," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ẹrù ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. "Omi ń ta sí i. Fà á sókè díẹ̀."

Ó dun Morẹ́nikẹ́ dé egungun. Ó tú ìró náà, ó gbé ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì tú u. Táwẹ́ẹ̀lì méjì. Ọ̀kan ṣì ní etí erin.

"Ìwé dà?"

"Ó wà lórí ibùsùn, mo fi aṣọ ìbora bò ó."

"Lórí ibùsùn! Níwájú ọkùnrin yẹn!" Ó dìde, ọkọ̀ fì, obìnrin tó ń fọ̀nà han àwọn èèyàn kígbe pé kó jókòó. Ó jókòó. Ó wẹ̀yìn wo èbúté, kò rí i mọ́. "Wọ́n á ti kó o lọ, Morẹ́nikẹ́."

"Bí wọ́n bá kó o, ṣé wọ́n á gbé ilé náà láti Ìkòsí wá sí Philippines ni?"

Bàbá Kúnbi di táwẹ́ẹ̀lì méjèèjì mú gírígírí, bí ẹni pé ìwé ṣì wà nínú rẹ̀. Ìbínú Morẹ́nikẹ́ rọlẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni bàbá náà sọ jẹ́jẹ́. "Bí mo bá ti yíjú báyìí, wọ́n á gbà á."

"Mo mọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́dún 1979. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò yíjú sí mi láti ìgbà yẹn. Ẹ ṣọ́ ilẹ̀, ẹ ṣọ́ géètì, ẹ ṣọ́ ìwé. Lánàá, obìnrin kan rò pé opó ni mí, ojú tì mí láti sọ fún un pé mo lọ́kọ."

Nígbà tí kò sí ohun kan mọ́ tó lè ṣọ́, Bàbá Kúnbi gbójú sókè. Ó wo òkúta náà láti orí dé ìdí, bí ẹni ń yẹ ọjà wò ní sítọ́ọ̀.

"Ìdí rẹ̀ kò tó nǹkan," ó ní. "Kí ló wá gbé e dúró?"

"Mi ò mọ̀."

Ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sórí itan, ó dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi padà sí èbúté. Obìnrin oníkámẹ́rà kò sí níbẹ̀ láti yà á.

Ìwé ilé ńkọ́? Ó wà lórí ibùsùn bó ṣe wà. Ọkùnrin ará Philippines náà ti ká aṣọ ìbora kúrò, ó tẹ́ ibùsùn yí i ká, ó sì gbé ehoro tó fi táwẹ́ẹ̀lì ká lé e lórí kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Bàbá Kúnbi ka àwọn ìwé inú ápòòwé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó jáde lọ bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Fọ́tò èbúté wà lára ògiri pálọ̀ wọn ní Ìkòsí dòní. Ṣé ẹ rí i, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ín, pé ẹ wo bí Bàbá ṣe gbá Mummy mọ́ra! Morẹ́nikẹ́ á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ ṣeun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ ní lẹ́yìn tí wọ́n dé, Bàbá Kúnbi wọ agbádá, ó ní àwọn méjèèjì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti géètì, ó fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rìn dé kọ́nà, ó padà wá fà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Morẹ́nikẹ́ dúró dè é. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ rí i pé àpò Bíbélì tó há sí abíyá wú gbìǹgbìn, ju bí Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun ṣe lè wú lọ. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ kejì tó ṣófo, wọ́n sì jọ lọ.